Ẹni Tí Kò Lè Tún Kẹ̀kẹ́ Rẹ̀ Ṣe Kò Tíì Ní Kẹ̀kẹ́

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé wá fún yín lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní nígbà tí ọ̀rọ̀ ìlú pọ̀ tó báyìí, kí ni ti kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀? Kí onítọ̀hún ṣe sùúrù fún mi. Kẹ̀kẹ́ tí ó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní ọ̀nà Ashaiman, ní ilẹ̀ Gánà, ni ó là mí lójú sí àìsàn kan tí ó wà lára ẹ̀kọ́ wa, tí èmi fúnra mi sì ti dá kún fún ọdún tí ó lé ní 30 tí mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú.

Àwa mẹ́ta ni a gbéra ní Èkó: èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ni, àti ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. A ní kẹ̀kẹ́ ni a ó gùn dé Akra. Kì í ṣe àwa ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìran wa tí yóò dán irú rẹ̀ wò. Ní ọdún 1952 ni Olábísí Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ó tó di pé orúkọ rẹ̀ di oyè fún gbogbo arìnrìn-àjò. Ọ̀nà tiwa kò tó ìdajì ti Àjàlá. Ó lé díẹ̀ ní 450 kìlómítà: ó gba Àgbádárìgì dé ẹnubodè Sèmẹ̀, ó la Kútọnu kọjá dé Hilla Condji tí a fi ń wọ ilẹ̀ Tógò, ó gba etí òkun Lomé dé Aflao, ó sì kọjá lórí odò Volta ní Sogakope kí ó tó dorí kọ Tema àti Akra. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ẹnubodè mẹ́ta.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi gun kẹ̀kẹ́ onírin àtijọ́, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi ń ru kòkó, tí àwọn olùkọ́ àti àwọn ajíhìnrere fi ń lọ láti abúlé dé abúlé. Kẹ̀kẹ́ tuntun ni ọmọ wa gùn ní tirẹ̀. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, jíà rẹ̀ pọ̀, bíréèkì rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fi tiwa ṣe yẹ̀yẹ́. A jẹ́ kí ó máa ṣe é.

Kí a tó dé Kútọnu, táyà wa ti jò lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe ẹ̀gún ni ó gún un. Wáyà wẹ́wẹ́ ni, tí ó ń já bọ́ láti inú táyà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bẹ́ sójú títì. Wáyà yìí tẹ́ẹ́rẹ́ ju abẹ́rẹ́ lọ, ojú kì í tètè rí i. Bí ènìyàn bá pààrọ̀ tíúbù láìfi àkísà nu inú táyà yípo kí ó lè bá wáyà náà níbi tí ó há sí, wáyà kan náà yóò tún gún tíúbù tuntun kí ó tó gùn ún jìnnà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe wá lẹ́ẹ̀kejì kí a tó gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, nígbà tí a ti kọjá Dawhenya tí Ashaiman kò sì jìnnà mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ọmọ wa já sínú kòtò kan. A gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí okùn gìtá já. Sípóòkù kan ni, ọ̀kan nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so rímù pọ̀ mọ́ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ní ìhà tí ṣéènì wà. A wò ó, a ní irin kan ṣoṣo nínú 32 kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ dúró. A gùn ún lọ. Kò pẹ́ tí èkejì já, tí ẹ̀kẹta sì tẹ̀lé e. Rímù wọ́, táyà ń ha ara irin kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ kò sì lè yí mọ́.

Ọmọ wa jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Ó ṣàlàyé fún wa, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó já gaara, bí ìwọ̀n ẹrù ṣe ń pín sára irin kọ̀ọ̀kan, àti ìdí tí àwọn irin ìhà ṣéènì fi máa ń le ju ti òdìkejì lọ, tí wọ́n sì fi máa ń kọ́kọ́ já. Gbogbo ohun tí ó wí ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní, “Ó dára, ọmọ mi, tún un ṣe kí á máa lọ,” ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, “Bàbá, wọn kò jẹ́ kí á fọwọ́ kàn án rí.”

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí, kì í sì í ṣe nítorí tirẹ̀. Èmi náà ti kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ní bí jíà ti ń ṣiṣẹ́ àti bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé ẹrù nínú táyà. Mo ti ya kẹ̀kẹ́ sára pátákó dúdú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́ta. N kò gbé kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo wọ inú kíláàsì rí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn mi ní ọjọ́ náà, mo sì rí i pé èmi gan-an ni olùkọ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. A gbé kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká, a fi ẹsẹ̀ rìn wọ Ashaiman.

Ẹni tí kò bá mọ Ashaiman, kí ó mọ̀ pé ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ni. Nígbà tí ìjọba Kwame Nkrumah ń kọ́ èbúté Tema, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1962, àwọn tí ń wá iṣẹ́ rọ́ wá láti gbogbo ìhà. Ilé tí a kọ́ sí Tema kò gbà wọ́n tán, owó rẹ̀ kò sì ṣeé san fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ashaiman, tí ó wà lẹ́yìn Tema, ni wọ́n fi ṣe ilé. Títí di òní, Ewe ń bẹ níbẹ̀, Ga àti Dangme ń bẹ níbẹ̀, Akan, Dagomba àti Hausa ń bẹ níbẹ̀, a sì rí ọmọ Yorùbá. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé ní 200,000. Nítorí pé ilẹ̀ náà tẹ́jú, tí owó ọkọ̀ sì ń jẹ owó iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ẹnu iṣẹ́ wọn ní Tema. Èbúté Tema kan náà ni àwọn kẹ̀kẹ́ àlòkù ń gbà wọlé láti òkè òkun. Níbi tí kẹ̀kẹ́ bá sì ti pọ̀, atúnkẹ̀kẹ́ṣe kì í wọ́n níbẹ̀.

Abẹ́ igi kan ni a ti rí tiwa. Ọkùnrin tí ó tó ọmọ ọdún 50 ó lé díẹ̀ ni, ará Bolgatanga ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gánà, níbi tí tọkùnrin tobìnrin ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko àti ọjà. Bí ó ti gbọ́ èdè wa ni ó kí wa pé, “Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà.” Ẹnu yà wá. Ó ní ọmọdé ni òun wà ní Mushin lọ́dọ̀ bàbá òun nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn ará Gánà máa lọ sí ilé wọn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, àti pé ẹ̀bá títì Mushin ni òun ti kọ́kọ́ di sípánà mú. Mo rántí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ti lé àwọn tiwa náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń ṣòwò ní Gánà, tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ojú ọ̀nà tí a ń gùn bọ̀ yìí wà lára èyí tí ìhà méjèèjì fi ru ẹrù wọn lọ sílé. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ ìbínú kankan. Ó kàn wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ojú pe ọmọṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún 15 lọ. Irinṣẹ́ tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ ni sípánà díẹ̀, ẹ̀mú, òòlù, ayùn irin, ọpọ́n omi kan, àti àpótí tí ó kún fún irin tí wọ́n tú lára kẹ̀kẹ́ àlòkù. Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó wá irin kékeré eléyín kan nínú àpótí, èyí tí ó bá ojú jíà mu, ó fi tú gbogbo jíà kúrò, nítorí sípóòkù ìhà ibẹ̀ kò lè wọlé láìṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣa sípóòkù mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó fi èyí tí ó dá wé wọn kí ó tó fi wọ́n sí i. Èyí tí orí rẹ̀ yọ nínú rímù, ó rẹ́ ẹ kí ó má baà gún tíúbù. Lẹ́yìn èyí ó bẹ̀rẹ̀ sí yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó fi ìka kan sún mọ́ rímù, ó ń dè níhìn-ín, ó ń tú lọ́hùn-ún. Ó ń fi èékánná ta irin kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fetí sí ohùn wọn bí onílù tí ń fetí sí awọ. Kò tó wákàtí kan tí rímù fi gún bí ìgbà tí ó tuntun.

Nígbà tí ó fẹ́ fẹ́ táyà, ẹnu tíúbù ọmọ wa kò bá pọ́ǹpù mu. Irú ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn òyìnbó ń lò sí kẹ̀kẹ́ eré ìje ni. Ó tún wọ inú àpótí, ó mú idẹ kékeré kan jáde, ó yí i mọ́ ọn lórí, ó sì fẹ́ ẹ. Ọmọ wa fún un ní bírò kí ó kọ iye owó sílẹ̀ fún wa. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dá bírò náà padà fún un. Kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tipẹ́.

Ẹ wò ó báyìí. Ọ̀dọ́ méjì ni ó dúró níwájú mi. Ọ̀kan mọ ìdí tí irin fi já, kò lè tún un ṣe. Èkejì tún un ṣe, kò lè kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n nínú òwe yẹn, àgbà àti ọmọdé ń ran ara wọn lọ́wọ́. Nínú ẹ̀kọ́ tiwa, a ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, a ní ọ̀kan ni ọ̀mọ̀wé, èkejì ni ẹni tí ìwé sú. Kì í ṣe ti Gánà nìkan. Ẹ dé Mushin, ẹ dé Ìbàdàn, ẹ dé Òṣogbo, ẹ ó rí àwọn méjèèjì níbẹ̀, wọn kò sì mọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó kan ẹni tí ó bá fẹ́ rin irú ìrìn-àjò yìí ná. Èkínní, kí ó gun kẹ̀kẹ́ tí ojú ọ̀nà mọ̀. Táyà oníínṣì 26 àti 28 ni ọjà wa ń tà jù. Bíréèkì tí ń fi òróró ṣiṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n bí òróró rẹ̀ bá jò ní Akatsi, ta ni yóò rọ ọ́ padà? Èkejì, kí ó má ṣe kó gbogbo ẹrù sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta, bí sípóòkù kan bá já, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀. Kí ó sọ ẹrù kalẹ̀, kí ó dẹ àwọn méjì tí ó sún mọ́ ọn ní òdìkejì díẹ̀ kí rímù lè padà sí àárín, kí ó ṣí bíréèkì, kí ó sì rọra lọ sí ìlú tí ó bá kàn. Bí àwa bá ti mọ èyí ni, irin kan ni à bá rà, kì í ṣe mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin, kí ó mú tíúbù méjì dání, pẹ̀lú sọ̀lúṣọ̀n, pọ́ǹpù, sípánà, ojú ṣéènì mélòó kan, àti ègé táyà àtijọ́ tí a lè fi tẹ́ inú táyà tí ó bá ya. Bí ó bá sì fi sọ̀lúṣọ̀n pa tíúbù, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀ kí ó tó lẹ̀ ẹ́. Ìkánjú ni í mú kí ó tún ṣí.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ó tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ palẹ̀ ní àgbàlá ara rẹ̀, kí ó sì tún un tò, kí ó tó fi ilé sílẹ̀. Ẹni tí ó ra kẹ̀kẹ́ tí kò lè tún un ṣe, kò tíì ní in. Ó kàn yá a lọ́wọ́ ẹni tí ó lè tún un ṣe ni.

Bí ó ti rí fún kẹ̀kẹ́ ni ó rí fún orílẹ̀-èdè. A gba òmìnira, a fa àsíá sókè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ń gbé ayé, ẹlòmíràn ni a ń retí kí ó wá tún un ṣe fún wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ láìgba owó. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò ní í gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún 1982, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4, kí ọwọ́ ọmọ lè mọ iṣẹ́ bí orí rẹ̀ ti mọ ìwé. Wọ́n kó ẹ̀rọ olówó gọbọi wá láti òkè òkun. Ẹ̀yin olùkọ́ àgbà, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà wà títí ìpẹtà fi jẹ ẹ́. Kò sí iná mànàmáná, kò sí ẹni tí yóò kọ́ni, ẹ̀rù sì ń ba ọ̀gá ilé ìwé pé bí ó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe.

Kẹ̀kẹ́ kò bèèrè iná mànàmáná. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, sípánà, ẹ̀mú, pọ́ǹpù àti ọpọ́n omi, kí a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀, kí a sì pe atúnkẹ̀kẹ́ṣe àdúgbò wá bá olùkọ́ dúró níwájú kíláàsì, kí a sanwó fún un, kí àwọn ọmọ sì máa pè é ní Ọ̀gá bí wọ́n ti ń pe àwa náà. Gbogbo ohun tí a ń kọ́ wọn nípa jíà, nípa ìfarahara irin, nípa agbára afẹ́fẹ́, kẹ̀kẹ́ ni yóò fi hàn wọ́n. Ẹni tí kò bá lè yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kí ó pa ibi tí ó jò, kí ó sì dá a padà, kò tíì yege. Ní ìrọ̀lẹ́, kí a ṣí yàrá kíláàsì kan náà fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́, kí wọ́n wá kọ́ ìwé kíkọ àti ìṣírò owó. Ìdàjì ìdàjì ni gbèsè náà: àwa jẹ wọ́n ní ìwé, àwọn jẹ wá ní ọwọ́.

Kì í ṣe àlá. Ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Village Bicycle Project bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gánà ní ọdún 1999. Àwọn tí wọ́n bá fi ọjọ́ kan kọ́ bí a ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni wọ́n ń rà á ní ẹ̀dínwó. Ní Kumasi, láti ọdún 2009, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ọparun ṣe ara kẹ̀kẹ́. Bí a bá mọ̀ ọ́n tún ṣe, kò ní í pẹ́ tí a ó fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Òbí kan yóò sọ pé, “N kò rán ọmọ mi lọ sí ilé ìwé kí ó lọ máa fọwọ́ kan gíríìsì.” Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí ìyà ni ó jẹ kí ọmọ náà tó wọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ èyí: ta ni ó fi afẹ́fẹ́ sínú táyà kẹ̀kẹ́? John Boyd Dunlop ni, oníṣègùn ẹran ní Belfast, tí ó ń wá bí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kò ṣe ní í máa gbọ̀n jìgìjìgì, tí ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1888. Ta ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ òfúrufú tí ènìyàn ń darí? Wilbur àti Orville Wright ni, ní ọdún 1903, àwọn arákùnrin méjì tí wọ́n ń tà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì ń tún un ṣe ní Dayton, tí wọn kò gba oyè yunifásítì kankan. Gíríìsì kò ba ọwọ́ wọn jẹ́.

Ní ọjọ́ kejì a wọ Akra. Ọgbọ́n tí ìjọba wa lé jáde ní Mushin ní ọdún 1983 ni ó gbé wa débẹ̀. Kí a tó kúrò ní Ashaiman, ọmọ wa ti jókòó lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà, ó ní kí ó tú sípóòkù kan, kí òun náà dè é padà. Ó dè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ó tó gún. Lẹ́yìn náà ni ó mú bírò rẹ̀, ó kọ orúkọ ọmọ náà sórí páálí kan, ọmọ náà sì ń fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn, ẹ̀yin ará. Bí ó bá ṣeé ṣe lábẹ́ igi ní Ashaiman, kí ni ó ń dí wa lọ́wọ́ nílé?